Pọ́ǹpù Tí Ó Ti Oǹdó Wá

Koríko ni Fọlákẹ́mi kọ́kọ́ rí. Ó gbé garawa omi méjì bọ̀ láti odò tí ó wà lẹ́yìn ọgbà, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ kí omi má baà dà nù, nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tóóró tí ó lọ sí ilẹ̀ wọn. Èèkan tí ó ti ń bá ọkọ́ wọn jà láti ìgbà òjò èṣí ti pọ́n, ó sì ti dọ̀bálẹ̀, bí ẹni pé wọ́n da omi híhó lé e lórí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ibi tí kò ju kí ènìyàn tẹ́ ẹní kan sí lọ ni, koríko tútù sì yí i ká bí àwọn tí ń wòran.

Ó sọ garawa kalẹ̀.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni Fọlákẹ́mi ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́, ó sì ti mọ́ ọn lára láti má ṣe gba ohun tí ojú rẹ̀ rí gbọ́ kí ó tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Oòrùn Fẹ́búárì mú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oòrùn kì í ṣa ibi tí yóò jó. Bí ó bá jẹ́ iná ni, eérú yóò wà nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ewúrẹ́ ni, yóò jẹ ẹ́ ni, kò ní sè é. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù ni èyí tí kò fẹ́ rò. Ibẹ̀ gan-an ni Reuben ọkọ rẹ̀ dúró sí ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, tí ó gbé pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fín kòkó kọ́ ẹ̀yìn, tí ó kọ́kọ́ tu omi inú rọ́bà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti mọ̀ bóyá ẹnu rẹ̀ dí. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí ẹ̀fọ́.

Omi ewé dóńgóyárò, ata àti ọṣẹ ni ó rò sínú pọ́ǹpù náà, ohun tí gbogbo ọgbà ń lò fún kòkòrò ajẹwé. Dóńgóyárò kì í pa èèkan.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo tẹ̀tẹ̀ tí ó wà ní orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ wọn. Àwọn tí ó sún mọ́ ọ̀nà ti ní àmì pupa rúsúrúsú ní etí ewé. Àwọn ti inú lọ́hùn-ún ṣì tutù yọ̀yọ̀, wọ́n lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n sì ti tan òun jẹ, nítorí pé ní ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n já àkọ́já rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí Reuben lọ gbé wá láti ìlú Oǹdó ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú pọ́ǹpù náà nínú búùtù ọkọ̀, ti sè nínú rẹ̀, òun nìkan ni ó sì jẹ ẹ́ lálẹ́. Ní kùtùkùtù òní, màmá yìí kan náà ti di ìyókù ní ìdì mẹ́ta, ó sì ti gbé wọn fún aládùúgbò mẹ́ta.

Òfin ọgbà ni. Ìdílé méjìlá ni ó pawọ́ pọ̀ dá Ọgbà Àjọgbìn sílẹ̀ ní àkùrọ̀ yìí ní Ọ̀bà-Ilé: òṣìṣẹ́ ìjọba láti Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́ àti Òkìtìpupa, pẹ̀lú àwọn ọmọ Àkúrẹ́ díẹ̀. Alàgbà Adépọ̀jù, tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba, ni alága wọn. Òun ni ó kọ́ wọn láti kó èèpo iṣu, eérú àti ìgbẹ́ adìyẹ jọ títí yóò fi di ajílẹ̀, àti láti fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀fọ́ kí ilẹ̀ má baà gbẹ. Òun náà ni ó fi ọ̀dà funfun kọ òfin mẹ́ta sára ilẹ̀kùn ilé irinṣẹ́. Èkíní: kò sí oògùn olóró nínú ọgbà, ẹni tí ó bá mú un wọlé, ilẹ̀ rẹ̀ bọ́. Èkejì: irinṣẹ́ tí ó bá ti wọ ilé yìí, ti gbogbo wa ni. Ẹ̀kẹta: a kì í ta àkọ́já, ojúlé mẹ́ta ni kí ó kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀.

Fọlákẹ́mi fi garawa sílẹ̀ níbẹ̀, ó sáré lọ sílé.

*

Reuben ń gbo ẹ̀yìn bàtà rẹ̀ ní ìta nígbà tí ó dé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò gbé ojú sókè.

"Oòrùn ni."

"Oòrùn tó fẹ̀ tó ẹní kan, Bàbá Ọpẹ́?"

"Ìyá Ọpẹ́, kíláàsì kọ́ nìyí."

"Ẹ pe Tìmílẹ́yìn."

Àbúrò Reuben ni Tìmílẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí ó ń dá oko kòkó lẹ́yìn ìlú Oǹdó. Òun ni ó ni pọ́ǹpù. Ìgbà kẹta tí wọ́n pè é lórí fóònù ni ìpè tó wọlé.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé màmá ò ti máa yọ yín lẹ́nu?"

"Wọ́n wà dáadáa. Tìmí, pọ́ǹpù yẹn, kí ni o fi fín gbẹ̀yìn?"

"Koríko abẹ́ kòkó ni, ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ṣé ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa?"

"Mo ṣan án."

"Háà. Ẹ ṣan án ni àbí ẹ fọ̀ ọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta là ń fi ọṣẹ fọ ìyẹn o, títí dé inú rọ́bà. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Fọlákẹ́mi gba fóònù. "Tìmílẹ́yìn, kí ni orúkọ oògùn náà?"

"Ìyàwó wa, ẹ káàárọ̀ mà. Apakoríko ni."

"Apakoríko wo?"

"Èyí tó pọ́n bíi tíì. Wọ́n ń bù ú fún wa lọ́jà ni, nínú igo ẹlẹ́rìndòdò. Odidi gálọ́ọ̀nù ti wọ́n ju agbára wa lọ, mà."

"Kò sí ìwé kankan lára igo náà?"

"Àwòrán ọsàn ló wà lára rẹ̀," ni Tìmílẹ́yìn wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀.

Nígbà tí ó pa fóònù, Reuben ti dìde. "Kí o tó bẹ̀rẹ̀: omi wo ni ǹ bá fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta? Kànga ti fà, odò sì jìnnà sí ilé. Abọ́ omi kan ló kù nínú dúrọ́ọ̀mù lọ́jọ́ yẹn, ìwọ fúnra rẹ lo ní kí n má fọwọ́ kan ti ìdáná."

"Mi ò bá yín jà."

"Ojú rẹ ń jà."

"Ẹ̀fọ́ wà ní ojúlé mẹ́ta, Bàbá Ọpẹ́. A ní láti lọ sọ fún wọn kí wọ́n tó dáná."

Ó wò ó bí ẹni tí ń wo ẹni tí ó fẹ́ tú òrùlé. "Sọ kí ni? O ti gbàgbé òfin kìíní? Bí a bá sọ ọ́, ilẹ̀ yẹn ti lọ. Owó oṣù wa kì í bá oṣù parí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti Oṣù Kẹsàn-án, ṣé o ti ra ẹ̀fọ́ lọ́jà? O ti ra ata? Bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n."

Ìyá rẹ̀ jáde láti ilé ìdáná, ó di ìró mọ́ àyà. Obìnrin tí ó sún mọ́ ọgọ́rin ọdún ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tí ì gbọ́ nípa ọjọ́ orí náà. "Ẹ̀fọ́ tí mo jẹ lánàá, ṣé òkú ni mo wá fi ń bá yín sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ò ní kú, Màmá."

"A kì í ta ènìyàn lọ́rẹ ká tún padà lọ gbà á, ìyàwó. Ní Oǹdó, èébú ni. Wọ́n á ní ọwọ́ tí mo fi kó o fún wọn ò mọ́."

"Màmá," ni Fọlákẹ́mi wí, "ilé kẹta tí ẹ gbé e dé, ilé Túnmiṣe ni. Ọmọ rẹ̀ ò tí ì pé oṣù méjì. Ọmú ló ń mu."

Reuben tẹrí ba mọ́ bàtà rẹ̀, ó ń gbo ibi tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó ní kí ó lọ, kò sì sí ẹni tí ó dá a dúró. Ó sọ fún Ọpẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, pé kí ó má fi ẹnu kan ọbẹ̀ àná, ó sì jáde.

*

Ilé Túnmiṣe ni ó jìnnà jù, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ sì ń sáré lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà Màmá Oríọlá ni ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá, onítọ̀hún sì jókòó sí ìta, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ni, ojú rẹ̀ kì í sì í kọjá lára ènìyàn.

"Ìyá Ọpẹ́! Ẹ wọ ulé. Kí ló ń lé yín?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀fọ́ tí màmá wa gbé wá láàárọ̀, mo fẹ́ gbà á padà."

Ọwọ́ Màmá Oríọlá dúró nínú ẹ̀wà. "Nítorí pé mi ò tí ì wá dúpẹ́? Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni o!"

Fọlákẹ́mi sọ ọ́. Ó sọ ọ́ láìbu iyọ̀ sí i: pọ́ǹpù, abọ́ omi kan, apakoríko. Màmá Oríọlá dìde, ó wọlé, ó sì fi ọmọ ìka méjì mú ìdì ẹ̀fọ́ náà jáde bí ẹni mú òkú eku.

"Ẹ̀yin alákọ̀wé," ni ó wí. "Ẹ kọ ọ́ sí iwájú ilẹ̀kùn pé kò sí oògùn. Ẹ wá gba ẹ̀yìnkùlé fín in."

Fọlákẹ́mi ní èsì: àṣìṣe yàtọ̀ sí ète, ẹni tí ó fẹ́ fi nǹkan pa mọ́ kì í rìn kiri láti tú u síta. Ó gbé èsì náà mì. Ó gba ẹ̀fọ́, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ń lọ.

Ní ilé kejì, Bàbá Ọlátúnjí, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀, kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀. "Ẹ̀fọ́ kẹ̀? Èmi tí ìyàwó mi wà l'Ékòó, ta ni yóò sè é? Mo ti fún ewúrẹ́."

Àwọn méjèèjì wo ewúrẹ́ náà. Ó wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, ó sì ń wò wọ́n padà láìní àníyàn kan.

"Bó bá kú, màá pè yín," ni Bàbá Ọlátúnjí wí. Lẹ́yìn náà, bí Fọlákẹ́mi ti ń yí padà: "Ìyá Ọpẹ́. Ẹ ṣé tí ẹ wá."

Ó gbọ́ òórùn epo kí ó tó dé ilé Olúwatúnmiṣe. Òórùn dídùn ni, epo pupa, irú àti ata, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọmọbìnrin náà jókòó sórí àpótí, àwo ìrẹsì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ọmọ jòjòló wà ní àyà rẹ̀. Ìdajì àwo ti tán.

"Àǹtí Fọlákẹ́mi! Ẹ wá wò ó. Ẹ bá mi kí Màmá Oǹdó. Láti ìgbà tí mo ti bímọ, oúnjẹ tó kọ́kọ́ wù mí jẹ nìyí—" Ó rí ojú rẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Túnmiṣe, gbé àwo yẹn sílẹ̀. Gba ọmú lẹ́nu ọmọ díẹ̀."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké kí ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìbéèrè.

*

Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wọn dé ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà lójú títì. Nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò jágbe mọ́ wọn. Bóyá ìyẹn ni ó tún ba Fọlákẹ́mi lẹ́rù jù. Ó wọn ìfúnpá Túnmiṣe, ó wo ojú rẹ̀, ó gbọ́ mímí ọmọ, ó sì mú báírò.

"Orúkọ oògùn?"

"Apakoríko."

"Mà, irú ọ̀nà mẹ́wàá ló wà. Òmíràn, a ó kàn máa wo ènìyàn títí ọjọ́ á fi pé. Òmíràn, a kì í dúró wò ó rárá. Orúkọ rẹ̀ ni yóò sọ fún mi. Igo rẹ̀ ńkọ́?"

"Igo ọsàn ni. Wọ́n bù ú tà ni."

Nọ́ọ̀sì gbé báírò sílẹ̀ lórí ìwé. Ó jọ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ó gbọ́ ìdáhùn yìí. Ó pe dókítà lórí fóònù, ó sọ̀rọ̀, ó gbọ́, ó sì padà wá. "Ẹ ó wà lọ́dọ̀ wa di ọ̀la. Bí ọ̀fun bá ń ta yín, tàbí èébì, tàbí ìtọ̀ bá dín kù, ẹ sọ ọ́ kíá."

"Nọ́ọ̀sì," ni Túnmiṣe wí, ọmọ tí ń ké wà léjìká rẹ̀, "ṣé kí n fún un lọ́mú?"

"Dókítà ní kí ẹ dá a dúró ná. A ó po wàrà fún un."

"Títí di ìgbà wo?"

"Bí mo bá mọ ohun tí ẹ jẹ, ǹ bá sọ fún yín."

Túnmiṣe kò bú Fọlákẹ́mi. Ó kàn yí ojú sí ara ògiri, ọmú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rin aṣọ. Bí ó bá bú u ni, ìbá sàn.

Ìgbà tí Fọlákẹ́mi padà délé láti mú aṣọ lọ fún Túnmiṣe, aago méjì ti kọjá. Ìkòkò ọbẹ̀ àná wà ní ẹ̀yìnkùlé, a ti fi yanrìn fọ̀ ọ́, a sì ti dojú rẹ̀ dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnìkan gbẹ́ ihò, ó sì ti dí i.

"Mọ́mì," ni Ọpẹ́olúwa sọ wúyẹ́wúyẹ́, "Màmá Oǹdó ti lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin."

Màmá wà lórí àga, ó ti dé gèlè, ó ti wọ bàtà, ó gbé báàgì lé itan bí ẹni tí ń dúró de ọkọ̀. Ètè rẹ̀ gbẹ. Kò wo ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí ó ń ròyìn ohun tí nọ́ọ̀sì wí.

"Reuben," ni ó wí, "mú mi lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn."

*

Ọgbà a máa ṣe ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ìparí oṣù, lórí àwọn bẹ́ńṣì tí ó wà níwájú ilé irinṣẹ́. Òní ni, ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó sì wá. Wọn kò dákẹ́ nígbà tí Fọlákẹ́mi dé. Ṣe ni wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì mọ̀ pé Màmá Oríọlá ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu wọn. Fọlákẹ́mi ti fa pákó kékeré tí orúkọ òun àti ọkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ tu kúrò ní orí ilẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú Alàgbà Adépọ̀jù, ó sì sọ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan sí i, láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

Alàgbà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Aṣọ rẹ̀ funfun, bí a ti mọ̀ ọ́n. "Ẹ mọ òfin, Ìyá Ọpẹ́."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Èmi ni mo kọ ọ́. Mo sì kọ ọ́ nítorí pé ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sìnkú àwọn àgbẹ̀ tó ń sọ pé díẹ̀ kì í pa ènìyàn. Bí a bá gbà á fún ẹni kan nítorí pé ó sunkún—"

"Kò sunkún," ni ẹnìkan sọ láti ẹ̀yìn.

Reuben ni. Kò sí ẹni tí ó rí i nígbà tí ó dé. Eruku títì wà lára bàtà tí ó fi gbogbo òwúrọ̀ gbo. Ó kọjá láàrin wọn, ó ṣí ilé irinṣẹ́, ó sì gbé pọ́ǹpù jáde.

"Èmi ni mo fín in," ni ó wí. "Kì í ṣe òun. Wọ́n ti fa omi sí ìyá mi lára. Nọ́ọ̀sì béèrè lọ́wọ́ mi lójú wọn pé kí ni orúkọ ohun tí mo fi bọ́ ìyá mi." Ó nawọ́ sí pákó tí ó wà lórí tábìlì. "Ẹ gba ilẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n màá fọ́ nǹkan yìí lójú gbogbo yín kí n tó lọ."

Ó gbé pọ́ǹpù sókè láti là á mọ́lẹ̀. Nǹkan dún nínú rẹ̀: omi. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó sì dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Omi ewé tútù ṣàn sí ilẹ̀ níwájú tábìlì, òórùn dóńgóyárò sì gba ibẹ̀ kan.

"Mo da gbogbo rẹ̀ nù ní Ọjọ́rú," ni Reuben wí. "Òfìfo ni mo gbé e wọlé."

Irinṣẹ́ tí ó bá ti wọ ilé yìí, ti gbogbo wa ni. Ọ̀dà funfun náà wà lẹ́yìn orí rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, ẹnìkọ̀ọ̀kan ń ka ọjọ́ nínú ọkàn rẹ̀. Ọjọ́bọ̀. Ẹtì. Ta ni ó wà nínú ọgbà?

"Èmi ni," ni Alàgbà Adépọ̀jù wí.

Ó fi awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì.

"Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo rí i nílẹ̀, inú mi dùn pé a tún ti ní pọ́ǹpù. Mo ṣan án, mo ro omi dóńgóyárò sínú rẹ̀, mo sì fi fín ẹ̀fọ́ mi. Mi ò béèrè ohun tí ó ti mu tẹ́lẹ̀." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Àkọ́já tèmi ti tán lóṣù tó kọjá. Èyí tí a já láàárọ̀ yìí, títà ni. Ìyàwó mi ti gbé agbọ̀n mẹ́rin lọ sí ọjà Ìsìkàn."

Ó mú fóònù, ó pè é. Wọ́n gbọ́ bí ó ti ń dún, tí ó ń dún, kí obìnrin kan tó fi ẹ̀rín dáhùn nínú ariwo ọjà: "Bàbá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ó ti tà tán. Wọ́n jà sí i ni!"

"Ta ni ó rà á?"

"Ẹ̀n?"

"Àwọn tí ó rà á. Ta ni wọ́n?"

"Bàbá, ṣé ara yín yá? Àwọn ènìyàn ni."

Alàgbà tẹ fóònù náà pa. Kò gbé pákó tí orúkọ Reuben àti Fọlákẹ́mi wà lára rẹ̀, kò sì tì í sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ó bi í léèrè pé, "Ìyá Ọpẹ́, ilẹ̀kùn mélòó ni ẹ kàn?"

"Mẹ́ta, sà."

"Mẹ́ta," ni ó wí, bí ẹni tí ń ṣe ìlara.

Ó dìde. Ó dé fìlà rẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì forí lé ọ̀nà tí ó lọ sí títì láti wọ ọkọ̀ Ìsìkàn. Wọ́n wò ó títí ó fi kọjá ibi tí èèkan ti pọ́n. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ilẹ̀kùn tí yóò kọ́kọ́ kàn.